Òkè Kọ́ Ló Ń Pa Oníkẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ wa bá àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ sọ níbi àpéjọ ọdún yìí ní Adó-Èkìtì. A tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

  

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán mi kò gùn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn kẹ̀kẹ́ tí ẹgbẹ́ ń gbèrò fún ọdún tó ń bọ̀: ọ̀nà wo ni ká gbà? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wí o. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà. Ìdí tí a fi fẹ́ ṣe é kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ ṣí ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka orúkọ àwọn tí a dákẹ́ rántí láàárọ̀ yìí. Àwọn tó dàgbà nínú wọn kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìjókòó-sójúkan ń jẹ wá run, a ò sì gbọdọ̀ máa fi jọlọ́ọ̀fù ráìsì nìkan ṣe àpéjọ lọ́dọọdún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, apá méjì la pín sí. Apá kan ní ká gba títì ńlá láti Adó lọ sí Àkúrẹ́, nítorí ó fẹ̀, ó tẹ́jú díẹ̀, àwọn èèyàn á sì rí aṣọ ẹgbẹ́ wa. Apá kejì ní òkè ti pọ̀ jù nílẹ̀ Èkìtì, ká kúkú sáré yípo pápá ilé-ẹ̀kọ́ kó parí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, n kò sí lẹ́yìn apá kankan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà kí n tó jókòó ni pé òkè kọ́ ló ń pa oníkẹ̀kẹ́. Ohun mẹ́ta ló ń pa á: tírélà, ìsọ̀kalẹ̀ àti ìwàǹwára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà abúlé tó kún fún òkè sàn fún wa ju títì tó tẹ́jú lọ.

KẸ̀KẸ́ KÌ Í ṢE ÀLEJÒ NÍBÍ

Àwọn kan ní eré òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ní 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry, kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Lọ́dún yẹn, ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ò tíì parí lórí àwọn òkè tiwa níbí. Ọdún 1886 ni wọ́n tó buwọ́ lùwé àdéhùn àlàáfíà. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé ẹ̀tọ́ fún táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Nítorí náà, ọjọ́ orí kẹ̀kẹ́ àti ti àlàáfíà ilẹ̀ yìí kò jìnnà síra wọn.

Nígbà tí owó kòkó dé, kẹ̀kẹ́ Raleigh di ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti tó ẹnu. Orí kẹ̀kẹ́ ni wolé-wolé máa ń wà tí àwọn ìyá wa bá ti ń sá lọ bo ìkòkò omi. Orí kẹ̀kẹ́ ni tíṣà máa ń gbé ìwé àwọn ọmọ sí. Àwọn òṣómàáàló tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rìn. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn nínú wọn ra kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́mu ńkọ́? Ẹ rántí bó ṣe máa ń so kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan sápá ọ̀tún káríà, ọ̀kan sápá òsì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níwèé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹrù tó bá wà nísàlẹ̀, tó sì dọ́gba, kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí, orí òkè kan náà tí à ń bẹ̀rù yìí ni wọ́n ń rìn. Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń dá? Tí òkè bá le jù, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa tì í lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ṣe àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè pàápàá, wọ́n fi ibi ìsinmi sí i lójú ọ̀nà. Àbí ẹ rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n ń dúró dè níbẹ̀?

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, tí lítà kan kúrò nísàlẹ̀ 200 náírà tó fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, mo rí àwọn àgbẹ̀ tó tún nu eruku kúrò lára kẹ̀kẹ́ bàbá wọn. Wọn ò pè é ní eré ìdárayá. Oko ni wọ́n ń lọ.

ORÍṢÌÍ ÒKÈ MÉJÌ

Ká tó mú ọ̀nà, ó yẹ ká mọ òkè. Oríṣìí méjì la ní lágbègbè yìí, ìgùn wọn sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni àpáta ńláńlá tó dá dúró, bí irú èyí tó yí Adó ká, bí Ọlọ́ṣunta tó dúró gbagidi ní Ìkẹ́rẹ́, àti àwọn ti Ìdànrè. Òkúta líle tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Òjò àti oòrùn ló jẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún títí orí rẹ̀ fi yọ. Irú òkè yìí ń dẹ́rù bani lójú, ṣùgbọ́n kì í yọ oníkẹ̀kẹ́ lẹ́nu tó bí a ṣe rò. Ìdí ni pé ọ̀nà kì í gun orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ̀nà ń yà gbà. Ẹ ó kàn máa wò ó bí ẹ ṣe ń kọjá lọ ni.

Èkejì ni òkè gbọọrọ tó na ara rẹ̀ bí ògiri láti àríwá sí gúúsù, lápá Òkèmẹsí, Ẹ̀fọ̀n Alààyè àti Ìpólé-Ìlórò. Òkúta funfun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite ló pọ̀ níbẹ̀. Láti ara òkè yìí ni omi ti ń dà wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, òun ni Olúmirìn tó ní ìpele méje, àti ní Arinta ní Ìpólé-Ìlórò. Láti ara rẹ̀ náà ni omi gbígbóná Ìkógòsì ti ń sun. Irú èyí le o. Ògiri kò ṣeé yí po. Ẹni tó bá ń lọ sódì kejì gbọ́dọ̀ gùn ún, kó sì sọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn àpáta adádúró ni kó máa wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le ló ń lọ bá ògiri.

Ọ̀NÀ TÍ MO DÁBÀÁ

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbà jẹ́ ọ̀nà àyípo: a jáde ní Adó, a sì padà sí Adó. Láti Adó a ó gba Ìlawẹ̀, láti Ìlawẹ̀ dé Ìgbàrà-Odò, láti Ìgbàrà-Odò dé Ìkógòsì. Níbẹ̀ la ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, a ó gba Ẹ̀rìjìyàn bọ́ sí Aràmọkọ, láti ibẹ̀ dé Ìgèdè, Ìyìn, ó tún di Adó. Ẹlẹ́sẹ̀ líle lè ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwa tí a ń wò nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọjọ́ méjì, kó má di ọ̀rọ̀ oníṣègùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ọ̀nà yìí ni pé ìlú kì í jìnnà síra wọn. Tí omi bá tán, ẹ ó rí omi. Tí táyà bá jò, ẹ ó rí fọkanáísà tàbí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi. Ohun kejì ni pé ibi tí a ó sùn sí lérè. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Èyí tó gbóná náà, lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, èèyàn sì lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tó ti wa kẹ̀kẹ́ láti Adó, kí ló tún ń fẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, láti Aràmọkọ wá sí Adó, ọ̀nà á fẹ̀ sí i, ọkọ̀ á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ká padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ká sì kúrò ní Ìkógòsì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, tí àwọn olóde àríyá bá jáde. Kí wọ́n tó wé gèlè tán, ẹ jẹ́ ká ti kọjá Ìgèdè. Ibẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ lásán o: apá Ìgèdè ni odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ kí ní Òṣogbo ti ń ṣàn wá.

Fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń yún wọn, ọ̀nà kejì wà fún ọjọ́ iwájú: láti Òkèmẹsí sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọ̀nà náà kò gùn, ṣùgbọ́n àárín òkè ogun Kírìjì ló gbà. Ohùn ìbọn tó ń dún padà láti ara àwọn òkè yẹn, kí-rì-jì, ló sọ ogun náà lórúkọ. Ẹni tó bá fi mọ́tò kọjá níbẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ogun fi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ gòkè níbẹ̀ á mọ̀ kó tó dé ìdajì.

Ìgbà wo ni ká lọ? Láti November sí ìbẹ̀rẹ̀ March ló dára jù. Òjò kì í jẹ́ kí ilẹ̀ pupa dúró lábẹ́ táyà, ó sì máa ń bo kòtò mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ múra sí ètè bíbó àti eruku, kí ẹ sì mọ̀ pé ìkùukùu lè wà láàárọ̀. Iná pupa kékeré lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kì í ṣe fáàrí.

BÍ A ṢE Ń GUN ÒKÈ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa wà níbí, á dá mi lẹ́kun tí mo bá ṣì í. Bí òkè bá jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá rin 100 mítà, ẹ ti gòkè 10 mítà. Ìyẹn jẹ́ bí ẹni tó gbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìkánjú ṣe é, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Gíà ló ń bá wa pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Bí eyín iwájú bá jẹ́ 44, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 20, ìtẹ̀ kan yípo á gbé yín lọ ní nǹkan bíi mítà márùn-ún. Ó dára lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n lórí òkè, orúnkún á máa sunkún. Kẹ̀kẹ́ tó ní gíà, tí ẹ lè fi iwájú sí 28 kí ẹ̀yìn náà jẹ́ 28, ìtẹ̀ kan á gbé yín lọ ní nǹkan bíi mítà méjì péré. Ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní gíà nígbà yẹn.

Ẹ yí gíà kí òkè tó le, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kú. Ẹ jókòó lórí síìtì, ẹ má ṣe máa dìde ní gbogbo ìgbà. Tí ẹ kò bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ ti yára jù. Tí gíà bá tán tí òkè ò tán, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ tì í.

Nípa oúnjẹ, mo mọ̀ pé ìlú oníyán ni wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iyán dúró dìgbà tí a bá dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti omi ni ti ojú ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, kí ebi tó pa yín, kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

ÌSỌ̀KALẸ̀ NI KÍ Ẹ BẸ̀RÙ

Bí èèyàn bá ṣubú nígbà tó ń gòkè, orúnkún ló máa ń bó. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń di ẹkún. Agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kì í kàn pọ̀ sí i bí eré ṣe pọ̀ sí i. Ìlọ́po ìlọ́po ni. Ẹni tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan nílò ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà tí ẹni tó ń sá 20 nílò láti dúró lẹ́yìn tó bá ti tẹ bíréèkì. Ní 60, ó di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń wà nísàlẹ̀ òkè lápá ibí: odò, afárá tóóró, iyanrìn tí òjò kó jọ, àti ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ bí ẹni pé ìjọba ló gbà á síbẹ̀.

Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà. Inú kọ́nà gan-an kọ́ la ti ń tẹ bíréèkì. Ẹ lo ti iwájú àti ti ẹ̀yìn papọ̀, kí ẹ fa ìdí sẹ́yìn díẹ̀. Iwájú ló ń mú kẹ̀kẹ́ dúró jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá já a mọ́ ọn lójijì, ó lè gbé yín sọ dànù. Tí ìsọ̀kalẹ̀ bá gùn, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí rímù má baà gbóná jù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé Raleigh bàbá yín wá, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé tí rímù onírin bá tutù, bíréèkì kì í tètè mú. Ẹ sì fi àṣíborí líle borí. Fìlà abetí-ajá kò ní gbani.

TÍRÉLÀ ÀTI ÀWỌN Ẹ̀DÁ BURÚKÚ

Ẹni tó ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ lè máa lọ ní 8 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí òkè náà bá gùn tó kìlómítà méjì, ìṣẹ́jú 15 ni á fi wà lórí rẹ̀. Ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ ka iye tírélà àti bọ́ọ̀sì tó ń ya ara wọn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tírélà nìkan tó láti ta oníkẹ̀kẹ́ nù sínú kòtò. Lójú ọ̀nà abúlé, ọ̀kadà àti ọkọ̀ tó ń kó igi ló kù ká ṣọ́ra fún, àwọn èèyàn ibẹ̀ á sì máa kí yín, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kọjá. Ìyẹn náà jẹ́ ààbò.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín. Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ Èkìtì níbí, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbé ní Ẹ̀múrẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan lè ní nítorí náà ká jókòó sílé. Èmi ní nítorí náà ká má dá rìn. Ká lọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, kí ọkọ̀ kan wà níwájú, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn. Ká fi tó ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn létí ṣáájú, ká bi àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ká sì gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Tí wọ́n bá ní ká má lọ, a ò ní lọ. Ká má sì sí lójú ọ̀nà lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí a bá fi gbogbo ọ̀nà abúlé sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá burúkú, ta ni yóò wá máa bá àwọn àgbẹ̀ wa rìn níbẹ̀?

OHUN TÍ MO BẸ̀BẸ̀ FÚN

Alága, ohun mẹ́ta ni mo gbé síwájú ìpàdé. Èkíní, kí ẹgbẹ́ gba ọ̀nà Adó sí Ìlawẹ̀ sí Ìkógòsì, kó fi ti Àkúrẹ́ sílẹ̀. Èkejì, kí ọdún ìjáde kọ̀ọ̀kan mú èèyàn méjì wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ láti oṣù yìí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù. Bí ìrìn náà bá parí, kí a má ta àwọn kẹ̀kẹ́ tí ẹgbẹ́ bá rà. Àwọn ọmọ wà nílé-ẹ̀kọ́ wa lónìí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gun òkè láti abúlé wá láràárọ̀, tí wọ́n sì ń sùn lórí tábìlì kí aago méjìlá tó lù. Ẹ jẹ́ kí àwọn kẹ̀kẹ́ náà di tiwọn, pẹ̀lú pọ́ǹpù àti ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń lẹ túùbù.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àáké wa nìyí, ó ní ẹsẹ̀ méjì àti ṣéènì kan. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé; ẹ kọ orúkọ yín kí ẹ tó lọ jẹun.